Títí Olóhùn Yanrìn Yóò Fi Tún Kọrin

Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó dojú kọ ilé ìfìwéránṣẹ́, ariwo ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ènìyàn. Gìtá á máa han gooro, ìlù á máa dún gbì-gbì-gbì bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ jálẹ̀kùn, ọkùnrin kan á sì máa pariwo láàárín wọn bí ẹni tí iná jó. Ẹ má bẹ̀rù, kò sí ìjà níbẹ̀. Obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń mirí, tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń bá ìlù rìn. Òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ariwo.

Èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni o! Kì í jó aṣọ aláṣọ, kì í sọ bọ́tìnì nù, bí o bá sì gbàgbé nǹkan sínú àpò ṣòkòtò, wàá bá a nínú ọ̀rá kékeré tó so mọ́ ìkọ́ aṣọ náà. Orin rọ́ọ̀kì nìkan ni wàhálà rẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ olórin kan tí àwọn tó fẹ́ràn wọn sọ ní Abúramúramù, nítorí bí wọ́n bá fọwọ́ kan gìtá báyìí, fèrèsé á gbọ̀n. Ọkùnrin tó ń kọrin fún wọn nígbà náà ni wọ́n ń pè ní Olóhùn Yanrìn. Ohùn rẹ̀ há, ó dùn, ó sì ń họ etí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin yìí ní àṣà kan. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin, á fa èémí sínú, híììn, débi pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn á gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ràn wọn dénú á fa èémí bá a. Gbogbo gbọ̀ngàn á mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ fa òrùlé wálẹ̀, kí orin tó bú jáde. Ìyá Ariwo kò lè gbọ́ èémí yẹn kó má bá a mí. Nínú ṣọ́ọ̀bù ni o, nínú bọ́ọ̀sì ni o, kódà nídìí oúnjẹ. Oúnjẹ ti tìtorí ẹ̀ há a lọ́fun rí.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ọ ní orin yìí. Àbí òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀? Ẹjọ́ yẹn kò tíì parí títí di òní. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, íyàpíìsì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìkan á wà létí ẹ̀gbọ́n, ìkan á wà létí àbúrò, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn, orí á kan orí. Bí ìkan bá fẹ́ dìde, ìkejì náà á dìde.

Àbúrò náà wá dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ń gé kọ́kọ́rọ́, ó ń tún àgádágodo ṣe, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ti ara rẹ̀ mọ́ ìta. Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Kò sí ilẹ̀kùn tó lè dí i lọ́nà nínú ìlú náà, àfi ẹyọ kan. Ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Olóhùn Yanrìn bá àwọn yòókù jà, ó sì bínú jáde nínú ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́rin tó kù ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun láìsí òun. Ìyá Ariwo ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó gbé e wálé, ó fi í sórí ẹ̀rọ nínú pálọ̀ ìyá wọn, níbi tí òun àti ìyá náà jọ ń gbé. Oníkọ́kọ́rọ́ wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó fò dìde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ òkú yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ.”

“Òkú wo? O ò tiẹ̀ tíì gbọ́ ọ.”

“Ilé tí wọ́n ti lé baálé jáde, kí ni n óò máa gbọ́ níbẹ̀?”

“Ta ló lé e? Òun ló bínú lọ. Ṣé kí àwọn tó kù wá fi gìtá dáná ni? Àní, ìwọ kò mọ orin, ohùn nìkan lo mọ̀. Etí rẹ yẹn kò sàn ju etí ìkòkò lọ!”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di iṣu ata yán-an yàn-an nìyẹn. Oníkọ́kọ́rọ́ na ìka sókè, ó ní, “Ó dáa. Ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ inú ilé yìí mọ́ títí Olóhùn Yanrìn yóò fi tún kọrin pẹ̀lú àwọn èèyàn wọ̀nyí!” Ìyá wọn sáré láti fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àgbàlagbà ọkùnrin, nítorí olórin tí kò mọ̀ pé wọ́n bí i sáyé! Àmọ́ ilé yẹn kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ ṣeré. Màmá yìí kan náà ló tọ́ wọn pé itọ́ tí a bá ti tu sílẹ̀, a kì í tún un lá. Bí o bá sọ nílé rẹ̀ pé o kò jẹun, á gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ, ebi á sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹnu wo ló fẹ́ wá fi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lá itọ́ rẹ̀?

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le. Màmá á gbé àga síta lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìsinmi, Oníkọ́kọ́rọ́ á jókòó tì í, wọn á sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Ó tiẹ̀ di ẹ̀fẹ̀ láàárín wọn. Ìgbà tí Màmá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sán, ni ẹ̀fẹ̀ parí. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀ nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò lójú kan títí egungun yóò fi jinná. Yàrá ọ̀hún sì wà lẹ́yìn pálọ̀, ní kọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè rí i.

Ni Oníkọ́kọ́rọ́ bá ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, tí ó ń di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!”

“Kú ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Màmá. Egungun ńkọ́?”

“Ó wà níbi tó wà.”

Wọ́n ń gbóhùn ara wọn, wọn kò rójú ara wọn. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà bàjẹ́, ìta ló lóṣòó sí tó ti tún un ṣe, tó fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa kan ìloro. Ó ṣe Ìyá Ariwo bíi kó fọ́ ọ létí. Inú ń bí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é. Ó dun Ìyá Ariwo jù pé òun ló gbé rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn wálé.

Màmá kò bẹ ọmọ, kò sì bú u. Ìbéèrè kan ló máa ń bi ọmọbìnrin rẹ̀ tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé: “Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ṣé ó ti kọrin?”

“Kò tíì kọrin, Màmá.”

“Kí ló ń ṣe é gan-an? Ṣé ọ̀fun ń dùn ún ni?”

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí Nọ́ọ̀sì, tí òun náà fẹ́ràn Abúramúramù, já wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. “Ìyá Ariwo! Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná! Àwọn èèyàn wa fẹ́ ṣe orin fíìmù!”

“Fíìmù wo?”

“Fíìmù tuntun. Gbogbo orin inú ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ló ṣe é. Wọ́n ní àwọn àti àwọn àlejò.”

Ìyá Ariwo rọra gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Àlejò wo?”

“Wọn ò sọ.”

“Wọn ò sọ ni, àbí kò sí?”

“Wọn ò sọ ni mo wí!”

Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ta ni àlejò? Ṣé Olóhùn Yanrìn ni? Ṣé wọ́n ti parí ìjà ni? Olùkọ́ Ìṣirò, ẹnì kẹta wọn, tó máa ń wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mirí. Ó ní orin inú fíìmù kì í sábà ní ẹni tó ń kọ ọ́. Ẹ̀yìn ló ń wà, kì í bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ du ọ̀rọ̀. “Ìyẹn gan-an ni mi ò mọ̀,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Àwọn tí kò mọ̀ ju kí wọ́n bú ramúramù, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?” Wọ́n jiyàn, wọ́n méfò, oníbàárà dé, òun náà dá sí i. Obìnrin kan tó wá gba kóòtù ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ ní bóyá wọ́n á fi owú wé ìlù ni. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, Oníkọ́kọ́rọ́ dé ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń dé. Kò sọ̀rọ̀ fíìmù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò ti gbọ́. Ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan.

Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé díẹ̀ nínú fíìmù náà jáde kí àwọn èèyàn fi tọ́ ọ wò. Ìyá Ariwo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó dé orí fóònù rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó tẹ fóònù. Afárá kan nínú kùrukùru. Ìró gìtá kan, tó jìnnà. Gíláàsì fọ́. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, ló bá gbọ́ ọ: híììn! Àyà òun náà gbé sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Híììn!

Ó pariwo “Yéè!”, ó já okùn iná, ó sáré lọ sílé láì ti ṣọ́ọ̀bù. “Màmá! Ó wà níbẹ̀! Ó fẹ́ kọrin!”

Màmá kò béèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní, “Gbé dígí fún mi.” Ó ní kó ya irun òun, kó sì gbé aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn wá, èyí tó mọ́ ọn lára. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ wọlé kó bá òun bí ẹni tí wọ́n gbé jù sílẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, “Ó dáa. Jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ.”

Ìyá Ariwo tẹ fóònù. Afárá. Gìtá. Gíláàsì fọ́. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó tún un tẹ̀, ó gbé fóònù sún mọ́ etí. Kò sí nǹkan kan.

“Níbo ló wà?” ni Màmá bi í.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ni. Áyọ́ọ̀nù yẹn ń gba omi sínú. Bí o bá gbé e kúrò lára aṣọ, á tu ooru jáde, híììn. Gbogbo ìgbà tó tẹ fóònù ló ń gbé e sókè. Ọdún gbọọrọ ló ti ń gbọ́ ohùn irin yìí lójoojúmọ́, àmọ́ ohun tí èèyàn ń wá lójú méjèèjì, kò sí ibi tí kò ti lè rí i.

“Màmá, áyọ́ọ̀nù ni.”

Màmá kọ́kọ́ wò ó, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. “Áyọ́ọ̀nù ló kọrin! Ẹ gbà mí!” Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. “Dígí yẹn,” ló wí, “gbé e padà.” Ìyá Ariwo gbé e padà, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì sunkún.

Ọjọ́ fíìmù pé, ọ̀sán Sátidé. Ilé sinimá kún fọ́fọ́. Ìyá Ariwo, Nọ́ọ̀sì àti Olùkọ́ Ìṣirò jókòó sáàárín. Kí iná tó kú, Ìyá Ariwo yíjú wẹ̀yìn, ó wá àbúrò rẹ̀ títí, kò rí i. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bóyá ìtìjú ni, bóyá agídí ni.

Ọ̀rọ̀ bàbá kan ni fíìmù náà, tó ń ṣọ́ afárá ojú irin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bínú, ó gba orí afárá náà lọ, bàbá sì ń dúró dè é. Orin ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ariwo! Onígìtá ń fi ìka fa okùn bí ẹni tó ń họ ara fún ọmọ tó ń sùn. Onílù ń lu nǹkan kan tó rọ̀, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí ará ilé. Olùkọ́ Ìṣirò fẹnu sí Ìyá Ariwo létí: “Ṣé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ ni?” Lápá òsì, ẹnì kan tiẹ̀ kígbe pé, “Ẹ gbóhùn sókè!”

Inú kọ́kọ́ bí Ìyá Ariwo. Ṣé èyí ni wọ́n fi ń da ọkàn òun láàmú látọjọ́ yìí? Àmọ́ bó ṣe ń lọ, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nà síwájú. Kí ni wọ́n fi ṣe ìró yẹn? Ta ló ń lu tibí yìí? Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń pariwo sí ọ látèwe fà ọ́ mọ́ra, tó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kó tó mọ̀, omi ti dé ojú rẹ̀, ó sì ti gbàgbé Olóhùn Yanrìn pátápátá.

Nígbà tí fíìmù fẹ́ parí, ọmọbìnrin náà yọ lórí afárá, nínú kùrukùru. Bàbá rẹ̀ rí i. Ó la ẹnu láti pè é. Orin dáwọ́ dúró, ojú sinimá funfun báláú.

Híììn.

Kékeré ni, kò tó ti àtijọ́. Ẹni tó ń jẹ gúgúrú kò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àyà Ìyá Ariwo gbé sókè fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fura sí ara rẹ̀: ṣé kì í ṣe áyọ́ọ̀nù? Áyọ́ọ̀nù wo ló wà nílé sinimá! Nígbà náà ló wá mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló mí. Lẹ́yìn pátápátá, ẹlòmíràn ti fa èémí sínú, èémí ọ̀hún sì súfèé díẹ̀ níparí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mí báyẹn láyé yìí, ẹni tó fi eyín já irin kọ́kọ́rọ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tí eyín sì ṣẹ́.

Orin tó yẹ kó tẹ̀lé e kò dé. Ọmọ náà sáré wá, bàbá rẹ̀ dì mọ́ ọn, iná tàn. Ìyá Ariwo yíjú padà. Oníkọ́kọ́rọ́ wà ní ìlà ìkẹyìn, ó fa fìlà bojú, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Ìta ni wọ́n ti pàdé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán.”

“O gbọ́ ọ.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Òun ni.”

“Òun ni. Ta tún ni? Àmọ́ kò kọrin.”

“Ó mí!”

“Títí yóò fi kọrin ni mo wí. N ò wí pé títí yóò fi mí.”

Wọ́n pe Olùkọ́ Ìṣirò pé kó dá sí i. Ó ronú, ó ní, “Ká sòótọ́, mímí kì í ṣe orin.” Nọ́ọ̀sì wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ ka ìwé ìṣirò yín.”

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ rìn lọ sílé. Ìjà ni wọ́n jà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà orin ni, irú èyí tí wọ́n ti ń jà látorí àtẹ̀gùn. Oníkọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ gbà pé onígìtá yẹn mọṣẹ́. “Mo sọ fún ọ,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹ sọ fún mi,” ni àbúrò dá a lóhùn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Àbúrò dúró.

“Wọlé!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ wọlé. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ ẹ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.”

“Kí lẹ ń jà sí níbẹ̀ yẹn?” Màmá ló ń pè láti yàrá. “Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ó kọrin?”

Oníkọ́kọ́rọ́ ló dáhùn: “Kò kọrin, Màmá. Ó fẹ́ kọrin. Ó mí sínú, fíìmù sì parí.”

“Ó mí?”

“Ó mí, Màmá.”

“Ìwọ fúnra rẹ gbọ́ ọ? Kì í ṣe áyọ́ọ̀nù?”

“Mo gbọ́ ọ.”

Màmá ní, “Ọjọ́ tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ké, gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́. Ìwọ kò ké. O kàn mí sínú, híììn báyìí, o la ojú, o ń wò wá. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi agbẹ̀bí pé kí ló dé tí kò ké. Ó ní, ‘Ẹ gbà á, ẹ gbé e mọ́ra, ó ti dé.’ Mo sì gbé ọ mọ́ra. N ò dúró kí o ké kí n tó gbà pé o dé.”

Oníkọ́kọ́rọ́ dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára férémù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà. Tọ̀tún bọ́. Okùn tòsì ti so kókó. Ọkùnrin tó ń ṣí àgádágodo gbogbo ìlú fà á títí, kò tú. Ló bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba pálọ̀ kọjá tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń tiro, ó wọ yàrá.

Ìyá Ariwo kò tẹ̀lé e. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

“Ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé, ẹ̀fọn ń wọlé,” ni Màmá wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Sún mọ́bí. Sún mọ́bí kí n rí ọ. O mà ti rù o. Ta ló sì gé irun rẹ báyìí?”